OLÓGÒ INÚ FÓÒNÙ: TA NI Ó FÚN WỌN LÁṢẸ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìyìn-Èkìtì àti ní gbogbo àyíká Adó, láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn ènìyàn, olówó a rán ológò sí i. Ológò a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, a máa bú u títí owó yóò fi jáde. Ìwà náà burú, ṣùgbọ́n ó mọ ààlà: ilé ajigbèsè ni. Ológò òde òní kò mọ ààlà kankan.

Kí a sọ pé àgbẹ̀ kan ní Ìyìn yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lórí fóònù láti ra oògùn kòkó. Kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù náà. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ a lọ bá àna rẹ̀, àlùfáà ìjọ rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, pé olè ni.

Wọ́n ní kí ajigbèsè san gbèsè. Òótọ́ ni, ilé ẹjọ́ sì wà fún gbèsè! Ṣùgbọ́n àna rẹ̀ kò yá kọ́bọ̀. Kí ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wá lọ́wọ́ wọn?

Àwọn mìíràn ní ìjọba nìkan ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dè, kò kan oníṣòwò. Irọ́ gbáà! Apá 37 Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo àṣírí wa, ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ wa lórí tẹlifóònù, kò sì dárúkọ ìjọba nìkan. Ní 2018, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn dá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù aládàáni kan lẹ́bi, nítorí pé ó jẹ́ kí àwọn àjèjì rí nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan, tí wọ́n ń da àtẹ̀jíṣẹ́ bò ó. Ní Jámánì, láti 1954 ni ilé ẹjọ́ ti fi òfin ìpìlẹ̀ wọn gbèjà ẹni tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yí lẹ́tà rẹ̀ padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní 1990, àwọn oníròyìn já wọ yàrá òṣèré kan tí ó fara pa ní ilé ìwòsàn, àwọn adájọ́ sì ní òfin àṣírí kò sí nílẹ̀ wọn! Ó di 1998 kí wọ́n tó ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ó sì di 2004 kí ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ tó fi í dá ìwé ìròyìn lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ yìí ti wà nínú ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960.

Ní 2022, àjọ FCCPC já wọ ilé iṣẹ́ àwọn olùyánilówó kan ní Èkó. Òfin 2023 lórí àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni sì sọ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè pè wọ́n lẹ́jọ́ gba owó ìtanràn. Ta ni ó wá sọ èyí fún àgbẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́? Àwọn amòfin wa jókòó sí Adó bí ẹni pé Ìyìn wà lókè òkun.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí pa mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n rẹ́. Kí àwọn amòfin ẹgbẹ́ sì gbé ẹjọ́ kan lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Adó-Èkìtì. Kí ó má jẹ́ ti ajigbèsè. Kí ó jẹ́ ti àna rẹ̀, ẹni tí wọn kò lè sọ fún pé kí ó lọ san gbèsè ná.