Ẹ Má Ṣe Dí Ọmọ Yín Létí

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, n kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi í sọ Yorùbá sí ọmọ-ọwọ́ wọn, èsì wọn ni pé: "Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Yorùbá kò sá lọ. Bí ó bá dàgbà yóò gbọ́ ọ ní ìgboro." Mo ní irọ́ ni. Ẹni tí irọ́ náà sì ń pa lára kò tí ì lẹ́nu tí yóò fi jà fún ara rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá fọhùn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1971, Peter Eimas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ oṣù kan ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ìró b àti ìró p. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tí a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé rẹ̀ a máa gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn ìró Híńdì kan tí ó ṣòro fún àwọn òbí rẹ̀ láti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi máa pé ọdún kan, kì í sábà gbọ́ ọ mọ́. Ìró tí ọmọ ń gbọ́ nínú ilé ni ó ń ṣà pa mọ́. Ó ń jọ̀wọ́ ìyókù.

Ohùn ńkọ́, ohùn tí í ṣe ẹ̀mí èdè wa? Igba ni ogún lọ́nà mẹ́wàá, igbá ni a fi ń bu omi, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà sì ni ó ń yí padà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 2006, Karen Mattock àti Denis Burnham fi ohùn èdè Thai dán àwọn ọmọ-ọwọ́ wò. Àwọn tí a ń sọ èdè Ṣáínà sí kò yẹ̀ láti oṣù mẹ́fà dé oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn tí a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí gbọ́ ọ dáadáa ní oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ó fi di oṣù mẹ́sàn-án, etí wọn ti ń kú sí i. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí ẹ ní kí ó dúró de ìgboro kò tí ì rìn tí ohùn fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé àgbà kò lè kọ́ Yorùbá. Ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òógùn ni yóò fi ra ohun tí ìkókó ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé wọ̀nyí, síbẹ̀ wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ẹ wo ìyá àgbà tí ó ń wẹ ọmọ. Bí ó ti ń fi òróró pa á lára ni ó ń kì í: Àjàní, Àkànbí, Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ pè wọ́n wò. Dò, dò, mí ni gbogbo wọn. Orin kan náà ni ọmọ ń gbọ́ láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì rí i ní ọdún 1995 pé ọmọ oṣù mẹ́rin ààbọ̀ ti dá ìró orúkọ ara rẹ̀ mọ̀. Ìyá àgbà a tún di ọmọ nímú mú, a ní, "Imú dà?" A fọwọ́ kan etí, a ní, "Etí dà?" Níbẹ̀ ni ìró àti ìtumọ̀ ti ń pàdé. Ní ọdún 2012, Elika Bergelson àti Daniel Swingley fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ti mọ ìtumọ̀ orúkọ oúnjẹ àti ti ẹ̀yà ara mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì lè sọ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní, "Tẹlifíṣọ̀n ń sọ Yorùbá nílé wa." Tẹlifíṣọ̀n kò lè pọn ọmọ. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn fi èdè Ṣáínà bá àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà ṣeré nígbà méjìlá. Àwọn ọmọ náà kọ́ ìró rẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n kò rí nǹkan kan kọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní èdè méjì yóò da ọmọ lórí rú. Ta ni ó sọ fún wọn? Ní ọdún 2010 a rí i pé ọmọ titun tí ìyá rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Tagalog nígbà tí ó lóyún rẹ̀ ti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbọ́ Yorùbá àti Ègùn papọ̀, orí wọn kò sì dàrú. Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ bí ó bá wù yín. Yorùbá ni kí ẹ má ṣe lé jáde.

Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ó kéde pé òun ti wọ́gi lé e. Ó dùn mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé iwájú olùkọ́, etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀. Kò sí mínísítà tí ó lè dá ìyá lẹ́kun láti ki ọmọ rẹ̀ nídìí omi ìwẹ̀. Bí a bá pa Yorùbá níbẹ̀, ọwọ́ wa ni a fi pa á.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí, ẹ̀yin ni ìyá, ẹ̀yin ni bàbá lọ́la. Ọjọ́ tí a bá gbé ọmọ náà lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe ní ó kéré jù láti gbọ́. Ẹ ki í. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ yín.