Gáàsì Kì í Ṣe Ẹrù Inú Bọ́ọ̀sì

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti parí, ẹ óò rí wa létí títì ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé: fóòmù, bókẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, fáànù, àti àpò Ghana Must Go tí síípù rẹ̀ ti já. Ìlú méjèèjì ni FUOYE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà sí, nítorí náà ẹrù kíkó kì í tán lọ́rùn wa.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni sílíńdà gáàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé e sínú bọ́ọ̀sì tòun ti gáàsì nínú, a ó dà á dùbúlẹ̀, a ó gbé fóòmù lé e lórí, a ó sì pa ẹ̀yìn ọkọ̀ dé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í fò lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò kóra jọ sí títí iná yóò fi pàdé rẹ̀. Ṣé àwọn èrò yòókù mọ ohun tí wọ́n jókòó tì? Awakọ̀ tó bá kọ̀ ọ́, ẹ má pè é ní ìkà. Lójú tèmi, ẹni tó ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbé e rárá. Kó tà á fún ọmọ 100 level. Ẹni tó ń kó lọ sí Ìkọ̀lé, kó dáná títí gáàsì yóò fi tán, kó ti ẹnu rẹ̀ pa, kó yọ rọ́bà rẹ̀, kó sì gbé e lóòró nínú ọkọ̀ ẹrù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èyí tí a ní ó ti tán pàápàá ṣì ní ìyókù nínú. Ẹ fa epo inú jẹnẹrétọ̀ náà kúrò.

Àwo ò le. Aṣọ yín ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì tò ó lóòró bí ìwé. Ìwé fúnra rẹ̀, páálí kékeré ni.

Àmọ́ ìkánjú ló ń fọ́ àwo wa ju àìmọ̀ lọ. Ìkánjú náà ló bí orúkọ àpò yẹn: ní January 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé àṣẹ, tí ará Ghana pọ̀ jù nínú wọn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Nàìjíríà. Ní 1969, ìjọba Busia ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa ní Ghana, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Onílé kan fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún tó kọjá!

Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì háyà ọkọ̀ ẹrù kan fún gbogbo sílíńdà tó ń lọ sí Ìkọ̀lé.