Ilé Ọlọ́run Titun: Ọ̀wẹ̀ Ni Tàbí Ìwọ̀fà?

Bí ìròyìn bá kàn pé ìjọ kan fẹ́ wó ilé ìsìn rẹ̀ àtijọ́ kí ó sì kọ́ titun, inú tọmọdé tàgbà a máa dùn. Àwọn ọkùnrin a máa sọ̀rọ̀ páànù àti símẹ́ńtì, àwọn obìnrin a máa gbìmọ̀ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìyàsímímọ́, a ó sì máa wá ẹni ńlá tí yóò fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dìde nínú ìpàdé kí ó béèrè pé, kí ni ìtumọ̀ ohun tí a fẹ́ ṣe yìí níwájú Ọlọ́run? Ìbéèrè náà ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láìpẹ́ a ó jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí lọ sí ìlú àti abúlé, ẹni tí ó bá sì mọ ìwé ni ìjọ sábà máa ń fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ọwọ́ wa ni ìwé owó yóò wà. Àwa ni a ó máa ka orúkọ ẹni tí ó san àti ti ẹni tí kò san.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ wa yóò yára dáhùn pé kò tilẹ̀ sí ìdí tí a fi ń kọ́ ọ. Wọn yóò rán wa létí ohun tí Stéfánù sọ níwájú ìgbìmọ̀, pé Ọ̀gá Ògo kì í gbé inú ilé tí a fi ọwọ́ kọ́. Wọn yóò sì wí pé ní ọdún 1842, nígbà tí Freeman àti Townsend wàásù ní Àgbádárìgì, abẹ́ igi Àgíà ni, láìsí ògiri, láìsí àjà, tí Ìhìnrere sì ti ibẹ̀ tàn. Òtítọ́ ni. Igi náà pàápàá wó ní ọdún 1959, ìgbàgbọ́ kò bá a wó.

Ṣùgbọ́n Sólómọ́nì ti mọ èyí ṣáájú wa. Ní ọjọ́ tí ó ń ya Tẹ́ḿpìlì sí mímọ́ gan-an ni ó béèrè nínú àdúrà rẹ̀ bí Ẹni tí ọ̀run kò gbà yóò ti ṣe gba inú ilé tí òun kọ́. Ẹ kíyèsi i pé lẹ́yìn ìbéèrè náà kò wó ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ojú Ọlọ́run máa wà lára ibẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹni tí ìyàn mú, ẹni tí ogun ṣẹ́, àní àlejò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, lè rí ibi kan tí yóò kọjú sí. Baba ọlọ́mọ púpọ̀ lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ojú ọ̀nà oko, síbẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ni gbogbo wọn ń pé sí nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Àwa kò lòdì sí kíkọ́ ilé Ọlọ́run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà ni bí a ti ń kọ́ ọ. Lójú tiwa, ìtumọ̀ ilé Ọlọ́run titun kì í dúró de ọjọ́ ìyàsímímọ́. Láti ọjọ́ tí a ti bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti ní ìtumọ̀, ìtumọ̀ náà sì wà nínú ọ̀nà tí a gbà rí owó àti agbára tí a fi kọ́ ọ. Àwọn baba wa mọ oríṣi iṣẹ́ méjì tí ènìyàn ń ṣe fún ẹlòmíràn láìgba owó ọ̀yà. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀: ọ̀rẹ́ tàbí àna fẹ́ kọ́lé, ó pe ènìyàn, wọ́n wá pẹ̀lú ọkọ́ àti orin, ó fún wọn ní oúnjẹ, oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Èkejì ni ìwọ̀fà: ẹni tí ó jẹ gbèsè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ẹni tí ó ń kọjá lọ lè rí oko ọlọ́wẹ̀ àti oko oníwọ̀fà kí ó má mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ebè inú méjèèjì jọra. Ẹni tí ó di ọkọ́ mú ni ó mọ̀.

Ìwé Mímọ́ fi oríṣi méjèèjì hàn wá. Nígbà tí Mósè fẹ́ pa àgọ́ ní aginjù, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ ni ó ní kí ó mú ọrẹ wá. Àwọn obìnrin rànwú, àwọn ọkùnrin mú wúrà àti awọ wá, títí àwọn oníṣẹ́ fi tọ Mósè lọ pé ohun tí a ń kó wá ti pọ̀ jù, tí ó fi di dandan láti kéde nínú ibùdó pé ó tó. A kò tíì gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ kankan ní ilẹ̀ wa.

Ti Sólómọ́nì yàtọ̀. Dáfídì baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáradára: nígbà tí Áráúnà fẹ́ fi ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ ta á lọ́rẹ, ó kọ̀, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà, nítorí pé kò fẹ́ fi ohun ọ̀fẹ́ rúbọ. Lórí ilẹ̀ náà ni a kọ́ Tẹ́ḿpìlì sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí baba rẹ̀ kọ ilẹ̀ ọ̀fẹ́ kó asìnrú 30,000 jọ ní Ísírẹ́lì, ó ń rán 10,000 lọ sí Lẹ́bánónì ní oṣooṣù. Àwọn aláàárù jẹ́ 70,000, àwọn agbẹ́kùúta ní orí òkè sì jẹ́ 80,000. Ọdún 7 ni a fi kọ́ ilé Ọlọ́run. Ilé ọba fúnra rẹ̀ gba ọdún 13. Nígbà tí méjèèjì parí, ọba fi ìlú 20 ní Gálílì fún Hírámù ọba Tírè, ẹni tí ó ti fún un ní igi kédárì àti wúrà. Hírámù lọ wo àwọn ìlú náà, wọn kò sì wù ú. A kì í sábà gbọ́ ìwàásù lórí ìlú 20 yìí ní ọjọ́ ìyàsímímọ́.

A kà á pé a kò gbọ́ ìró òòlù tàbí àáké nígbà tí a ń to òkúta ilé náà, nítorí pé ibi tí a ti wà wọ́n ni a ti gbẹ́ wọn pé. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ti fi ìdákẹ́jẹ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ ìwà mímọ́. Ọkàn tiwa a máa lọ sí orí òkè níbi tí ariwo náà wà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tí Sólómọ́nì kú, àwọn ènìyàn wá bá Réhóbóámù ọmọ rẹ̀ ní Ṣékémù pé kí ó mú àjàgà baba rẹ̀ fúyẹ́. Ó kọ̀. Ẹ̀yà 10 kẹ̀yìn sí ilé Dáfídì, wọ́n sì sọ olórí àwọn asìnrú ní òkúta pa. Òkúta ni a fi wọ́n sìn, òkúta ni wọ́n fi dáhùn. Jéróbóámù wá kọ́ ojúbọ tirẹ̀ sí Bẹ́tẹ́lì àti Dánì, kí ẹnikẹ́ni má baà padà lọ sí Jérúsálẹ́mù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí a kọ́ láti kó Ísírẹ́lì jọ ṣe di ara ohun tí ó tú wọn ká.

Tẹ́ḿpìlì kejì ni ó wù wá jù láti máa rò. Àwọn ará Bábílónì ti jó ilé Sólómọ́nì ní nǹkan bí ọdún 586 kí a tó bí Olúwa wa. Nígbà tí Kírúsì jẹ́ kí àwọn ìgbèkùn padà ní ọdún 538, àwọn tí ó padà kò ní ọba, wọn kò sì ní àpótí ẹ̀rí mọ́. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ hó fún ayọ̀. Àwọn arúgbó tí ó ti fi ojú rí ilé ìṣáájú sọkún kíkankíkan, tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi lè ya ariwo ẹkún sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ayọ̀. Àwa kò mọ ibòmíràn tí a ti sọ òtítọ́ nípa ọjọ́ ìpìlẹ̀ tó èyí. Nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ó wó ilé àtijọ́, ìyá arúgbó kan wà tí a gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde láti inú ilé náà, tí a sàmì sí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì pọn omi tí a fi po amọ̀ ògiri rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọge. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá sọkún, kí ọ̀dọ́kùnrin akọ̀wé má ṣe pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ìwé Ésírà kò bá àwọn arúgbó náà wí. Ó kọ ẹkún wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ àwọn ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀ náà iṣẹ́ dúró fún ọdún púpọ̀, títí Hágáì fi dìde ní ọdún 520. Ó bá wọn wí gidigidi pé wọ́n jókòó nínú ilé tí a fi pákó tẹ́ nígbà tí ilé Ọlọ́run wà ní ahoro. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé àwa ń wá àwáwí fún ahun, kí ó mọ̀ pé àwa náà ti ka Hágáì. Ṣùgbọ́n Hágáì kò kó asìnrú jọ. Kò dá owó orí lé opó, kò sì ní kí a lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀, ọkàn wọn ru sókè, ọjọ́ 23 lẹ́yìn náà wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún kẹfà ìjọba Dáríúsì wọ́n parí rẹ̀. Kì í ṣe pé ilé yìí kò ní àbùkù: wọ́n ti kọ ìrànlọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wọn, ọ̀tá tí ó wà láàrin Júù àti ará Samáríà kò sì tíì tán ní ọjọ́ tí obìnrin kan bá Olúwa wa pàdé ní etí kànga. Síbẹ̀ ẹ wo ohun ìyanu yìí. Yàrá inú lọ́hùn-ún ilé náà ṣófo. Nígbà tí Pompey ará Róòmù fi agbára wọ ibẹ̀ ní ọdún 63 kí a tó bí Olúwa wa, kò bá ère kankan. Ilé tí kò ní àpótí, tí kò ní ògo ọba, ni ó sì so àwọn ènìyàn náà pọ̀ pẹ́ ju ti Sólómọ́nì lọ, bí a bá ka àtúnkọ́ Hẹ́rọ́dù mọ́ ọn, títí di ọdún 70.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ̀ sí ilé. A mọ ìjọ tí ó ti bu owó ìkọ́lé lé olúkúlùkù lórí, ọkùnrin iye kan, obìnrin iye kan, tí a sì pinnu pé ẹni tí kò bá san, a kì yóò sàmì sí ọmọ rẹ̀, a kì yóò sì sin òkú rẹ̀. A ti rí àwọn ọmọ olóòkú tí wọ́n ń sá káàkiri láti yá owó kí agogo tó lè lù fún ìyá wọn. Kí ni kí á pe èyí? Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó wà láàyè ni a ń fi ṣe ìwọ̀fà. Àwa ti fi òkú ṣe é.

Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí sábà máa ń mú opó tí ó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọn a ní, ṣé ẹ rí i pé opó pàápàá san? Kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e nínú Ìhìnrere Máàkù. Kété ṣáájú rẹ̀ ni Olúwa wa dá àwọn akọ̀wé lẹ́bi, àwọn tí ń jẹ ilé àwọn opó run. (Ẹ kíyèsi i pé akọ̀wé ni wọ́n.) Kété lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ-ẹ̀yìn kan pe àkíyèsí rẹ̀ sí títóbi àwọn òkúta ilé náà, tí ó sì dáhùn pé a ó wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó yin obìnrin náà, kò yin àpótí náà. Ohun tí ó sì yìn ín fún ni pé nínú àìní rẹ̀ ni ó ti fi gbogbo ohun tí ó ní sílẹ̀.

A ó gbọ́ pé bí a kò bá halẹ̀, ilé kò ní kọ́ láéláé. Ó lè pẹ́. Ilé ńlá Ìjọ Kristi ní Marina, ní Èkó, ọdún 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1946 ni ó sì tó parí. Ọdún 21, kò sì sí ẹni tí ó ń wò ó lónìí tí ó ń bínú pé kò tètè parí. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀nà ìkówójọ ni a ń wá, ti Jóáṣì ọba wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àlùfáà ti ń gba owó títí tí a kò sì rí àtúnṣe kankan, ó ní kí a lu ihò sí ìdérí àpótí kan kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Owó tí ó bá gba ihò wọlé kò ní orúkọ lára. Akọ̀wé ọba a ka iye rẹ̀, a fi lé àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́. Kò mọ èyí tí ó jẹ́ ti olówó, kò mọ ẹni tí kò mú nǹkan wá. Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni àwa fẹ́ jẹ́. Ẹni tí kò ní owó lè ru òkúta, ẹni tí kò lè ru òkúta lè se oúnjẹ, ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní lè gbàdúrà, kí a má sì kọ èyíkéyìí sínú ìwé gbèsè.

A fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A mọ̀ pé àwọn tí ó ti ṣe akọ̀wé ìkọ́lé rí nínú wọn yóò ní púpọ̀ láti sọ nípa ìjọ tí kì í san kọ́bọ̀ bí a kò bá fi ojú le koko, a ó sì fi ayọ̀ ka èsì wọn ní ojú ewé yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá wa dáhùn ìbéèrè kan nínú èsì náà: bí opó kan bá kú ní alẹ́ òní, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí kò san nínú ìwé tí ọwọ́ wa kọ, ta ni yóò ka àdúrà ìsìnkú lórí rẹ̀ ní ọ̀la?