Ọrùn Alábàárù Kì í Ṣe Irin

Bí ọkọ̀ ẹrù bá dé sí Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń sáré tàwọn ti àpò lórí. Iye àpò ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn, nítorí náà ẹni tó bá ru méjì lẹ́ẹ̀kan náà là ń pè ní akọni. Àwa kò fara mọ́ oríkì yẹn.

Eegun méje péré ló gbé orí ró. Ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù wà láàárín púpọ̀ nínú wọn, okùn iṣan tó ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́ sì gba inú wọn kọjá. Bí ọrùn bá nàró, tí a rọra gbé ẹrù ru ẹni, ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lókè ọkọ̀ bá ju àpò sí ẹni lórí, tàbí tí ẹsẹ̀ yọ̀ tí ẹrù fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn a yí tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni eegun ti ń yẹ̀. Lọ́dún 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ Levy kọ̀wé nípa irú ìpalára yìí láti Rhodesia, tí í ṣe Zimbabwe lónìí. Ọrùn alábàárù ló pè é. Èyí tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tún wà: tìmùtìmù a rún, a tẹ iṣan, apá a sì máa kú. Òṣùká kò gba ni lọ́wọ́ èyí. Àtàrí nìkan ló ń gbà sílẹ̀.

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé dábàá lọ́dún 1967 pé kí ẹrù tí ọkùnrin kan yóò dá rù má ju kìló 55 lọ, kí ti obìnrin sì kéré sí i gan-an. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìló 50. Ẹ fúnra yín ṣírò méjì.

Àwọn ọlọ́jà á ní ọmọlanke wọ́n. Ó dáa, ta ló ń san owó apá tó kú? Òfin ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó farapa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Alábàárù tí kò ní ọ̀gá ńkọ́, ta ni yóò sọ fún? Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ̀ka wa kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́, kí a lè bá wọn dúnàádúrà owó àpò.

Kó tó dìgbà náà, ẹni tí ẹrù bá wó lù lọ́rùn, ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ lọ́rùn, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má mì, títí ọkọ̀ tó lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀ yóò fi dé.