Ṣé Kọ̀ǹpútà Géèmù Ló Yẹ Ká Fi Owó Àjọ Rà?

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àmì ohùn, kì í sì í ṣe ti ìpàrójẹ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kò sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta jókòó sí lóde òní tí ọ̀kan nínú wọn kò ní í sọ pé òun ń dá àjọ kí òun lè ra kọ̀ǹpútà àgbélétan tí wọ́n ṣe fún géèmù. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, yóò ní fún iṣẹ́ ìwádìí ni. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta géèmù. Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà dùn, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ iṣẹ́ ìwádìí, ó yẹ ká wo ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àhesọ, ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan ká tú u wò: ASUS ROG Zephyrus G14 ti ọdún 2020. Òun ni mo mú nítorí pé kí ó tó dé, kọ̀ǹpútà géèmù tí ó lágbára sábà máa ń nípọn bí ọmọ ọlọ, ó sì máa ń wúwo. Èyí yàtọ̀. January 2020 ni wọ́n fi í hàn ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 14, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 1.6 tàbí 1.7. Ọpọlọ rẹ̀ tí ó lágbára jù ni AMD Ryzen 9 4900HS, tí ó pín sí ẹ̀ka 8 tí gbogbo wọn lè jọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì àwòrán rẹ̀ ni NVIDIA GeForce RTX 2060 Max-Q, tí ó ní GB 6 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Dọ́là 1,449 ni wọ́n ń ta irú èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹ ṣí i sí owó tiwa, ó lé ní 800,000 fàráǹkì CFA. Ní báyìí, tòkunbọ̀ ni ẹni tí ó bá wá irú rẹ̀ dé Kútọnù yóò máa rí, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ti ń wọ̀ wá.

Ẹ̀rọ náà dára, mi ò ní fi ìlara bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá lọ ya fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu tàbí ní Pọ̀bẹ̀, tí ó fẹ́ gé e, kí ó to ọ̀rọ̀ orin sábẹ́ àwòrán, kí ó sì tún un tò jáde, yóò rí i pé ohun tí kọ̀ǹpútà kékeré ń fi odindi òru ṣe, èyí lè ṣe é kí ẹ tó jẹun tán. Bí a bá ń sọ ti àwòrán àti ohùn pọ̀, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ń gé fídíò lójoojúmọ́?

Praat ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń lò, èyí tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo rárá. Kọ̀ǹpútà tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lè gbé e. ELAN tí ó wá láti ilé-iṣẹ́ Max Planck ní Nijmegen kò béèrè káàdì àwòrán ńlá. FLEx ti SIL, tí a fi ń to àwọn ọ̀rọ̀ inú atúmọ̀ jọ, RAM ló ń fẹ́. Ní ti àyè ìpamọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ ní 48 kHz, bíìtì 24, ọ̀nà méjì, ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi MB 17, wákàtí kan yóò sì lé díẹ̀ ní GB 1. Ọgbọ̀n wákàtí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, èyí tí ó ju ohun tí ìwé àṣekágbá wa ń fẹ́ lọ, kò ju nǹkan bíi GB 31. Kò sí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò lè gba ìyẹn. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa ni ibi kejì tí a ó da fáìlì náà sí, kí ọ̀kan lè kù bí èkejì bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ariwo ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lágbára máa ń gbóná, èyí tí ó bá sì ń gbóná gbọ́dọ̀ ní fáànù. Fáànù kọ̀ǹpútà géèmù kì í ṣe ọmọdé: bí iṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí òjò tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Ariwo yẹn kì í dúró sójú kan nínú spectrogram. Ó ń tàn kálẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ń bo àwọn ohun tí kò lágbára mọ́lẹ̀: ìró /f/ àti /s/ tí àwọn fúnra wọn jẹ́ atẹ́gùn, ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ̀lì àránmúpè àti àìránmúpè, àti bí ètè ṣe ń ṣí lẹ́yìn ìró tí a ń kọ ní "p" níbi kan, tí a sì ń kọ ní "kp" níbòmíràn. Ẹni tí ó fẹ́ fi èdè Ṣábẹ̀ẹ́ wé ti Kétu, tàbí tí ó ń wá bí àwọn Ìfẹ̀ ní agbègbè Atakpamé ní Togo ṣe ń pe fáwẹ̀lì wọn, àwọn ohun wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ló ń wá kiri. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà síwájú bàbá àgbà, ó ti tan gbohùngbohùn inú rẹ̀, wákàtí méjì ti kọjá, fáànù ni ó gbà sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ní ohun tí ń yọ ariwo kúrò?" Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòde òní ní in. Ẹ̀rù ìyẹn tilẹ̀ ń bà mí ju fáànù lọ. Wọ́n ṣe é kí àwọn tí ń ta géèmù lè máa gbọ́ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò ṣe é fún ìwádìí. Ohunkóhun tí kò bá jọ ọ̀rọ̀ lójú tirẹ̀, ńṣe ni yóò gé e dànù. Ẹ sì wo bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe máa ń rẹlẹ̀ ní òpin gbólóhùn wa, tí ó ń lọ sílẹ̀, tí ó ń rọ̀, tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di mímí lásán. Kí ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò pe ìyẹn? Bí ó bá ti gé e, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá nínú Praat láti mú un padà. A ó wá jókòó máa kọ ìwé lórí ohun tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ fún wa, a ó sì máa rò pé ohun tí ìyá àgbà sọ ni.

Lóòótọ́, a lè pàṣẹ fún G14 kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, fáànù rẹ̀ lè dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí a bá ní láti dín agbára rẹ̀ kù kí ó tó wúlò fún wa, kí ni a sanwó agbára náà fún? Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré bíi Zoom H1n, tí ó jáde ní 2018, ń gba ohùn dé 24-bit ní 96 kHz, bátìrì AAA méjì ló sì ń jẹ. Kò ní fáànù. Owó rẹ̀ kò tó ìdámárùn-ún owó tí wọ́n ta kọ̀ǹpútà yẹn lọ́dún tí ó jáde.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ti ẹ̀rọ tí ń da ọ̀rọ̀ kọ. Ní September 2022, OpenAI gbé Whisper jáde, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń yára gan-an bí káàdì NVIDIA bá wà. Nítorí náà, káàdì tí a kà sí ti ọmọ géèmù ti wá wọ ilé ìwé. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe é fúnra wọn sọ pé èyí tí ó tóbi jù fẹ́ nǹkan bíi GB 10 nínú káàdì, èyí tí ó tẹ̀lé e fẹ́ nǹkan bíi GB 5. GB 6 ni ti G14. Èyí tí ó dára jù yẹn kò lè wọlé síbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Lóòótọ́, Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí ó mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ nínú Yorùbá pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fọkàn tán an lórí àmì ohùn. Ìfẹ̀ ti Togo kò sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ rárá. Etí tiwa ṣì ni a ó fi ṣe é. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dán Whisper wò, Google Colab ń yáni ní káàdì tí ó ju ìyẹn lọ fún ìgbà díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìṣòro.

Ẹ gbọ́ èyí ná: G14 ti 2020 kò ní kámẹ́rà. Rárá o! Ọdún tí gbogbo ayé tìlẹ̀kùn mọ́rí, tí a ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kàwé, ni wọ́n ta kọ̀ǹpútà olówó ńlá láìsí ojú níwájú rẹ̀. Èyí tí ó jáde ní 2022 ni wọ́n tó fi kámẹ́rà sí. Tòkunbọ̀ ti 2020 ni ẹlòmíràn ń bá nájà, kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọ̀gá bá pè é sí ìpàdé.

Ti iná náà wà ńbẹ̀. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ wáàtì 180. Inverter kékeré inú mọ́tò kò lè gbé e. Ó lè gba iná láti ojú USB-C, ṣùgbọ́n kò ju wáàtì 65 lọ, ìyẹn sì tó fún ìwé kíkọ, kò tó fún géèmù. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 76 Wh nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí iṣẹ́ bá ń jẹ wáàtì 10, wákàtí méje àti ààbọ̀ nìyẹn; bí ó bá jẹ wáàtì 80, kò pé wákàtí kan. Tòkunbọ̀ kò sì ní í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọyẹ́ àti eruku ilẹ̀ pupa Sakété kún un, pẹ̀lú fáànù méjì tí ń fa gbogbo rẹ̀ wọ inú.

Ẹni tí ó bá ti pinnu pé òun yóò ra á, kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tan án, kí ó tẹ "powercfg /batteryreport" nínú Windows, yóò rí bí bátìrì ṣe kù sí. Kí ó bèèrè iye RAM: nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀, GB 8 ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pátápátá, ojú kan ṣoṣo ló kù tí a lè fi kún. Ohun kan tí ó gbè é ni pé ó lè gba Windows 11, nígbà tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ kò lè gbà á, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú Windows 10 láti October 14, 2025. Ní ti kíbọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má tan yín: kò sí iye owó tí ó lè ra "ẹ́" tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan nínú Unicode. "ẹ" wà, àmì la ó máa gbé lé e lórí, lórí kọ̀ǹpútà olówó ńlá àti ti olówó kékeré bákan náà.

Tí ó bá jẹ́ tèmi ni, kí a má dá àjọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀ka wa ra kọ̀ǹpútà alágbára kan ṣoṣo, kí ó jókòó sínú iyàrá wa, kí ó máa gé fídíò, kí ó sì máa dán Whisper wò fún gbogbo wa. Kí olúkúlùkù ra kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́ tí kì í pariwo, kí a fi owó tí ó kù ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti ibi tí a ó máa pa ẹ̀dà fáìlì mọ́ sí. Màá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ takò mí, kí ó mú fáìlì WAV kan tí ó fi kọ̀ǹpútà géèmù rẹ̀ gbà sílẹ̀ dání. A ó ṣí i nínú Praat lójú gbogbo èèyàn.