Àgbájọ Ọwọ́ Tí Ń Fún Ni Lọ́rùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kan a máa fi òwe yìí bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tí a kó jọ láti sọ àyà yàtọ̀ sí ọwọ́ tí a kó jọ láti fún ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ẹ wo ọ̀ràn kòkó. Ní 1929, Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation da òwò wọn pọ̀, wọ́n di U.A.C. Ilé-iṣẹ́ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ yìí náà ni ó tún ń ta aṣọ àti páànù fún un. Síbẹ̀ èyí kò tó wọn. Ní 1937, U.A.C., Cadbury àti àwọn mìíràn mulẹ̀ láti má ṣe fi owó bá ara wọn díje lórí kòkó ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Bí àgbẹ̀ bá kọ iye owó ní ẹnu ọ̀nà kan, iye kan náà ni yóò bá ní èkejì. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast di kòkó wọn mú títí di 1938. Ìgbìmọ̀ tí William Nowell ṣe olórí rẹ̀ sì dábàá pé kí a fagi lé àdéhùn náà.

Ẹ má ṣe rò pé àwọ̀ òyìnbó ni ó fa èyí. Láti 1954, Marketing Board Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, ni ó ń dá iye owó kòkó lé; àwọn tí ó fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó sì lè rà á. Owó kòkó ṣe ohun rere: Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 ṣì dúró gangan ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó tí àgbẹ̀ ń gbà kéré, tí owó orí sì wúwo, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968. Ìbáà jẹ́ àjèjì, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé, ẹni tí kò ní abánidíje kì í tètè gbọ́ igbe oníbàárà.

Ṣé kí ilé-iṣẹ́ má dà pọ̀ mọ́ ni? Èmi kò wí bẹ́ẹ̀. Bí aláìlágbára méjì bá di ọ̀kan kí wọ́n lè dúró, ó dára. Ìdàpọ̀ tí kò jẹ́ kí oníbàárà rí ibòmíràn yà sí ni mo ń bá jà. Nítorí rẹ̀ ni òfin tí a fi ọwọ́ sí ní 2019 fi dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tí ó sì pa á láṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n tó dà pọ̀. Òfin náà kò sì yọ ẹgbẹ́ ọlọ́jà sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan ní ọjà Bódìjà bá lé obìnrin kan kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ta ẹ̀wà ní ẹ̀dínwó, ìwà àwọn oníkòkó 1937 ni ó hù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igbá ni ó fi ń wọn ọjà.

Láàárín yín ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́, agbẹjọ́rò àti ìyálọ́jà ọ̀la wà. Ní ọjọ́ tí a bá pè yín sí ìpàdé tí a ti fẹ́ ti ìlẹ̀kùn kí a tó dá iye ọjà lé, ẹ dìde, kí ẹ jáde. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.