Iṣẹ́ Ìlú Sàn Ju Ẹ̀wọ̀n Lọ fún Ẹ̀ṣẹ̀ Kékeré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dún létí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Yewa nígbà tí ẹni tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré bá dúró níwájú wọn.

Bí kóòtù bá ní kí ẹnì kan san owó ìtanràn tàbí kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, ìdájọ́ kan ni létí, ṣùgbọ́n ìyà méjì ni. Olówó yóò sanwó, yóò sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Tálákà tó wú ẹ̀gẹ́ olóko ní Ayétòrò, tí kò rówó san, yóò wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oko tirẹ̀ yóò di igbó, ebi yóò máa pa àwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ kò sì ní rí nǹkan kan gbà.

Òfin ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn gba kóòtù láyè láti ní kí ẹlẹ́bi ṣiṣẹ́ fún ìlú dípò ẹ̀wọ̀n: kí ó gé koríko, kí ó kó ẹrẹ̀ gọ́tà, kí ó gbálẹ̀ ibi tí gbogbo èèyàn ń lò. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ. Kò sí fún ẹni tó lo ohun ìjà, tàbí tó fipá bá obìnrin lò, tàbí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lè mú ẹ̀wọ̀n tó ju ọdún 3 lọ wá. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni òfin náà wà fún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, Ògùn náà sì ti ní tirẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹlẹ́bi yóò sá lọ. Lóòótọ́, ààlà kò jìnnà. Láti ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn, ọmọ Ìmẹ̀kọ ní ẹbí ní Kétu, ará Ìdí-Ìrókò sì ní tirẹ̀ ní òdìkejì. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ló tọ́ sí. Ẹni tó ní ilé àti oko ládùúgbò, tí baálẹ̀ mọ̀, tí ẹbí rẹ̀ ṣe tán láti ṣe onídùúró fún un, tí kò sì jalè rí, òun ló tọ́ sí. Kí ó sì kọ́kọ́ san ohun tó jí padà fún olóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú kò gbọdọ̀ di iṣẹ́ oko ìjòyè tàbí ti ọ̀gá kankan. Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà ti fi àbójútó irú àwọn ẹlẹ́bi bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ará ìlú sì máa fojú rí i.

Kí adájọ́ tó rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ pé: ta ni ẹ̀wọ̀n náà yóò ṣe láǹfààní? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó gbé ọkọ́ lé ẹlẹ́bi lọ́wọ́.